Big Island ní Hawáì: etíkun wo ni ká lọ? Orúnkún ń dun màmá, àwọn ọmọ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A máa lo ọjọ́ márùn-ún ní Big Island ní Hawáì nínú oṣù Kejìlá. Kailua-Kona la gba ilé sí. Èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti màmá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún la jọ ń lọ. Orúnkún ọ̀tún ń da màmá láàmú. Wọ́n lè rìn, àmọ́ kì í ṣe lórí òkúta, kì í sì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bàbá wọn pàápàá, tí omi bá ti fẹ́ dé àyà rẹ̀, Jésù ló ń pè.

Mo ti kàwé títí orí mi dàrú. Ẹnì kan ní tí mi ò bá tẹ yanrìn dúdú, mi ò tíì dé Hawáì. Ẹlòmíì ní yanrìn aláwọ̀ ewé ló yẹ kí n wá lọ. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣètò ìrìn náà tún fi fọ́tò àfonífojì Waipiʻo ránṣẹ́, ó ní òun á gbé wa sọ̀kalẹ̀ dé etí omi. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ọjọ́ márùn-ún péré ni o.

Ọmọ Alárìnká
Àǹtí mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Papakōlea ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Yanrìn ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé lóòótọ́, kì í ṣe idán fóònù. Ó wà nítòsí Ka Lae, níbi tí àádọ́ta ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà parí sí níhà gúúsù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Makalawena, ní àríwá Kona. Ó funfun, ó mọ́, èrò ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó rìn díẹ̀ lórí lávà, ìyẹn òkúta tó yọ́ jáde látinú òkè iná tó sì ti gan, kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá sáyé. Àwọn etíkun tó kù, ti ẹni tó ń sá fún ìrìn ni.

Jíire
Ti ẹni tí orúnkún ń dùn ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń sá fún ìrìn. Alárìnká, ṣé o ka ọ̀rọ̀ wọn dé ìsàlẹ̀ ṣá?

Olómi
Jíire, o ṣeun. Ìyá Ìbejì, ẹ fi Papakōlea sílẹ̀. Láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí dé ibi yanrìn, ó tó nǹkan bíi máìlì méjì ààbọ̀ ní àlọ nìkan, kìlómítà mẹ́rin nìyẹn. Kò sí igi tí ẹ lè sá sábẹ́ rẹ̀, kò sí omi mímu, afẹ́fẹ́ á sì máa gbá eruku pupa sí yín lójú títí ẹ ó fi dé. Tẹ́ ẹ bá wá dé, ẹ ò tíì dé, torí inú òkè kan tí òkun ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ni etíkun náà wà, ẹ ṣì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn. Kò sí ẹ̀ṣọ́ omi níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mi ò ní mú màmá mi lọ láéláé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oṣù Kejìlá tẹ́ ẹ dá yẹn. Ìgbà òtútù ni ìgbì ńlá máa ń ti àríwá òkun Pacific wá, àwọn etíkun tó kọjú sí àríwá àti ìwọ̀ oòrùn ló sì ń kọlù. Àwọn etíkun funfun tó lẹ́wà jù nínú àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ rí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọjú sí: Hāpuna, Kaunaʻoa, Kua Bay.

Etíkun kékeré kan wà ní Aliʻi Drive nínú Kona tí wọ́n ń pè ní Magic Sands. Laʻaloa ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbì lè kó gbogbo yanrìn rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, kó ku òkúta lásán, nígbà tó bá yá, yanrìn á tún padà wálé. Níbẹ̀ ni èjìká mi ti yẹ̀. Omi ò ju itan mi lọ o! Mo kẹ̀yìn sí òkun, mo ń pe àbúrò mi pé kó wá ya mí ní fọ́tò, ìgbì kan gbé mi, ó sì fi èjìká mi gúnlẹ̀ bí ọmọ odó. Èmi tí mo sì ń lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré nìyẹn.

Alàgbà Ọlọ́pàá-Ìtilẹ̀
Mo kí gbogbo yín. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, ọ̀pá ni mo fi ń rìn, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Olómi, má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ jù. Oṣù Kejìlá ni èmi àti ìyàwó mi lọ sí Hāpuna, omi náà sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi inú àmù. Yanrìn ibẹ̀ funfun, ó le dáadáa létí omi, ọ̀pá mi ò rì. Ó gùn tó ìdajì máìlì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí ẹ ti lè ṣan ara wà, ibi ìjókòó lábẹ́ òrùlé wà, ẹ̀ṣọ́ omi sì wà lórí àga gíga wọn. Ẹni tí kì í ṣe ará Hawáì ń san dọ́là 5 lórí, ọkọ̀ ń san dọ́là 10. Ẹ̀yin márùn-ún yẹn, dọ́là 35 ni. Ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ láti ibi ọkọ̀, mo sì sinmi lẹ́ẹ̀kan kí n tó padà gòkè.

Ṣùgbọ́n ibi tí ara tù mí jù ni ʻAnaehoʻomalu, ní Waikoloa. A-Bay ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ahọ́n. Yanrìn ibẹ̀ dúdú, ó funfun, tó-tò-tó bí ìyẹ́ ẹtù. Igi àgbọn wà, ẹ lè tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn yanrìn, àwọn adágún tí àwọn ọba ayé àtijọ́ ti ń sin ẹja ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́ta títí oòrùn fi wọ̀, kò sì béèrè pé ìgbà wo là ń lọ ilé. Ẹni tó bá mọ ìyàwó mi á mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

Olómi
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní kí wọ́n má lọ Hāpuna. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ ló dákẹ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ lè má dákẹ́. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe fi pákó gbé ọkùnrin kan kúrò níbẹ̀ torí ọrùn, ìgbì tó sì fọ́ lé e lórí ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ìgbì tó ń fọ́ sórí yanrìn gan-an, tí kò fọ́ sójú agbami, òun ló burú. A-Bay tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn dára, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ rántí sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀ṣọ́ omi níbẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Mo ṣiṣẹ́ ní Hilo, ìlú tó wà níhà ìlà oòrùn erékùṣù náà, fún ọdún kan ààbọ̀, ọjọ́ ìsinmi mi kọ̀ọ̀kan, etíkun ni mo máa ń lọ. Bàbá tọ̀nà, Olómi náà tọ̀nà. Etíkun kan náà lè jẹ́ adágún lọ́jọ́ Ajé, kó di odó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fún ìdí èyí, Ìyá Ìbejì, ẹ má kọ orúkọ etíkun kan sí ọjọ́ kan láti ilé. Ẹ kọ méjì sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: èyí tó wù yín, àti èyí tẹ́ ẹ máa sá lọ tí ìgbì bá ga. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa jáde, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ, ẹ lọ bá ẹ̀ṣọ́ omi, ẹ bi í pé: ṣé wàá jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà tìrẹ wọ omi yìí lónìí? Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dáhùn.

Ní ti Waipiʻo: láti oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ìbílẹ̀ ti ti ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì yẹn mọ́ àwọn àlejò, yálà ẹ wakọ̀ tàbí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà náà dà ju òrùlé ilé mìíràn lọ, ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lórí rẹ̀ sì lè ya lulẹ̀. Òkè tí wọ́n ti ń wò ó ṣì wà ní ṣíṣí, àwòyanu sì ni. Àwọn kan wà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti kó èèyàn wọnú àfonífojì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun á gbé yín dé etí omi, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ hàn yín kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.

Etíkun tó bá àwọn ọmọ àti màmá mu jù nínú Kona ò sí lórí ìwé ìpolówó ẹnikẹ́ni. Kamakahonu ni, ẹ̀gbẹ́ èbúté, àárín ìlú. Kékeré ni, bí àgbàlá. Ilẹ̀ ká a mọ́, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀, omi rẹ̀ ò jìn létí. Ní iwájú yín gan-an lẹ máa ti rí Ahuʻena Heiau, ojúbọ tí ọba Kamehameha Kìíní tún kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló gbé títí tó fi wàjà ní ọdún 1819. Ẹ má gun orí ojúbọ náà o, ibi ọ̀wọ̀ ni.

Kahaluʻu náà wà ní Aliʻi Drive. Ẹja ibẹ̀ pọ̀, ẹ ó máa wò wọ́n lábẹ́ omi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ògiri òkúta àtijọ́ kan wà nínú omi tó ń gba ìgbì dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀, òkúta ni látòkè délẹ̀, ohun ẹlẹ́gùn-ún dúdú tí wọ́n ń pè ní wana sì wà nínú ihò òkúta. Bàbá ìbejì lè mú àwọn ọmọ dé etí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Kí màmá jókòó sábẹ́ òrùlé.

Tí ọ̀nà yín bá gba Hilo, ẹ ya Onekahakaha. Wọ́n fi òkúta ṣe ọgbà yí omi ká, yanrìn wà nísàlẹ̀, omi ò ju ìbàdí ọmọdé lọ ní ibi púpọ̀. Òjò Hilo ló lè ba ọjọ́ yín jẹ́. Òjò ibẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ lọ́dún, nígbà tí Kona lè gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn òjò ńlá, tí ẹ bá rí i tí omi òkun pọ́n bíi ti àgbàrá, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ọmọ Alárìnká
Mo tọrọ àforíjì lórí orúnkún màmá. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ́tò wà ní Papakōlea tí wọ́n ń kó èèyàn lọ kó èèyàn bọ̀. Dọ́là 20 lórí ni mo san. Màmá ò ní rìn rárá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Alárìnká, àbúrò mi, ìwọ lo san án, orúnkún tìẹ ló sì lè gbà á. Ọkọ̀ yẹn ń fò sókè bí ẹni ń fẹ́ gààrí lórí atẹ́. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ilẹ̀ yẹn wà lára ilẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawáì, kò sì sí àṣẹ fún ìrìnnà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Táyà ti gé ilẹ̀ náà dé ibi tó ga ju èèyàn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ lò.

Ọmọ Òkúta
Iṣẹ́ ilẹ̀ àti òkúta ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwọ̀ wọ̀nyí ti wá, kí Ìyá Ìbejì lè rí nǹkan sọ fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀.

Òkè ayọnáyèéfín márùn-ún ló para pọ̀ di erékùṣù yẹn: Kohala, Mauna Kea, Hualālai, Mauna Loa àti Kīlauea. Yanrìn dúdú jẹ́ lávà. Tí òkúta yíyọ́ bá kan òkun, á fọ́ yángá bí ìkòkò gbígbóná tí a da omi tútù sí, ìgbì á sì máa lọ̀ ọ́. Nítorí náà, yanrìn dúdú lè délẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ó sì lè lọ pẹ̀lú. Etíkun Kaimū, tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà kan, lávà bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá lọ́dún 1990 pẹ̀lú abúlé Kalapana.

Yanrìn aláwọ̀ ewé jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní olivine, tó wà nínú òkè kékeré tó yọ iná ní nǹkan bí 49,000 ọdún sẹ́yìn. Olivine wúwo ju àwọn tó kù lọ. Òkun ń fẹ́ wọn bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì: èyí tó fúyẹ́ ń bá omi lọ, olivine ń kù sílẹ̀.

Yanrìn funfun ò bá iná tan rárá. Iyùn ni àti ìkarahun. Ìbátan iyùn tí àwọn ìyá wa ń so mọ́rùn ni. Iyùn ń pẹ́ kó tó kún etí òkun, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí etíkun funfun púpọ̀ níhà Kohala, torí òun ni ilẹ̀ tó dàgbà jù nínú márààrún. Ẹja kan sì wà, uhu, tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti ayékòótọ́. Ó ń fi eyín họ òkúta iyùn jẹ, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì ń yà á sílẹ̀ ní yanrìn.

Jíire
Ẹ dúró ná. Ṣé ìgbẹ́ ẹja ni mo tẹ́ aṣọ lé tí mo sùn lé lórí ní Hāpuna?

Ọmọ Òkúta
Apá kan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti mọ́, má fòyà.

Jíire
Ọlọ́run á ṣàánú. Tèmi ni ti Punaluʻu, etíkun dúdú. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ, ó tọ́ sí ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bíi tèmi. Aago kan ọ̀sán ni mo débẹ̀, mo bọ́ bàtà sínú ọkọ̀ bí ọmọ ọba, mo ní mò ń lọ fẹsẹ̀ kan yanrìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó móoru. Ogún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mi ò lè padà, mi ò lè débi omi, mo wá tẹ́ fìlà mi sílẹ̀, mo dúró lé e lórí. Àwọn ìjàpá òkun tí wọ́n ń yáàrùn níbẹ̀ kàn ń wò mí ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi wú, ó kún omi. Yanrìn dúdú ń gba oòrùn sára bí irin àwo àkàrà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo rẹ́rìn-ín o. Punaluʻu dáa fún màmá: ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ò jìn sí yanrìn, ibi ìjókòó sì wà. Ẹ dé bẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ jìnnà sí àwọn ìjàpá òkun tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, bí ẹni fi ọkọ̀ kékeré kan sáàárín. Òfin ń dáàbò bò wọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré tọ̀ wọ́n.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Tẹ́ ẹ bá ti ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ máa gbọ́ ọ tó tutù lójijì bí omi inú fíríìjì. Omi dídùn ni, ó ń sun láti abẹ́ lávà bọ́ sínú òkun. Inú rẹ̀ ni orúkọ ibẹ̀ ti wá: ìsun tí à ń rì lọ bá. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń mú ohun ìpọnmi rì wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ bu omi mímu.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ jìnnà níbẹ̀ ṣá o. Omi ibẹ̀ ń fa èèyàn.

Ọmọ Alárìnká
Tó bá jẹ́ yanrìn dúdú ni, ẹ ò ṣe lọ Pohoiki? Òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Ó dé lọ́dún 2018, ìbejì yín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Láti Kona, ó ju wákàtí méjì lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọjọ́ márùn-ún. Ìgbì ibẹ̀ ò sì mọ ọmọdé.

Mo tún fẹ́ ká máa fọ̀wọ̀ wọ ìtàn ibẹ̀. Iná Kīlauea tó bú jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ló bí etíkun yẹn, iná kan náà ló jó ilé tó lé ní 700. Ó kún gbogbo ọsà Kapoho, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń wẹ̀. Mo tọ́jú àwọn aláìsàn tí ilé wọn wà lábẹ́ lávà yẹn. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ rora ya fọ́tò.

Bàbá Mọ́tọ̀
Mi ò mọ etíkun púpọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá. Ẹ má fi báàgì, fóònù tàbí ìwé ìrìnnà sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ háyà, kódà nínú búùtù. Wọ́n fọ́ gíláàsì tèmi níbi tó dá, iṣẹ́jú ogójì péré la lò. Báàgì oúnjẹ ọmọ ni wọ́n gbé! Ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ fún mi sì gba owó gíláàsì lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa, torí àwọn kan ò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn kúrò lórí ọ̀nà ọlọ́dà.

Ohun kejì: ẹ rí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n jókòó sétí òkun yẹn? Kò sí ẹni tó ni etíkun ní Hawáì. Gbogbo ibi tí ìgbì ń gùn dé, ti gbogbo èèyàn ni. Kaunaʻoa tó wà níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan, ẹ kàn sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu géètì pé etíkun lẹ wá, á fún yín ní ìwé ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́. Ìwọ̀nba ni àyè náà, ẹ tètè dé.

Olómi
Òótọ́ ni. Ẹ fi ìpara oòrùn kún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Hawáì ti fòfin de títa èyí tó bá ní oxybenzone àti octinoxate nínú, nítorí iyùn. Zinc oxide ni kẹ́ ẹ wá lára ike. Ó máa ń jẹ́ kí ojú funfun bí ẹni tó kun ẹfun, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́kun
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá mú òkúta tàbí yanrìn ibẹ̀ lọ ilé, Pele á bá a jà?

Ọmọ Òkúta
Pele ni òrìṣà obìnrin tí wọ́n ní ó ni iná òkè wọ̀nyẹn. Àwọn èèyàn ń dá òkúta padà nínú àpótí pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ìtàn èpè yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́, ti àwọn àlejò ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó ti wù kó jẹ́, òfin ìpínlẹ̀ ò fàyè gba kíkó yanrìn etíkun lọ. Ẹni tí kò bẹ̀rù Pele, kó bẹ̀rù owó ìtanràn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á máa bá yín gbé. Mo ti kọ ọ́ báyìí: Kamakahonu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì Punaluʻu, ká sì ti ibẹ̀ lọ wo òkè iná. Ọjọ́ kẹta Hāpuna, A-Bay tí ìgbì bá ga. Ọjọ́ kẹrin Kahaluʻu fún ẹja. Ọjọ́ karùn-ún, ibi tó bá wu màmá.

Alàgbà Ọlọ́pàá-Ìtilẹ̀
Ọmọ mi, gbé Punaluʻu lọ sí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Ìjókòó wákàtí kan ààbọ̀ nínú ọkọ̀ ni láti Kona, ìrìn ọkọ̀ òfurufú ò sì ní tíì kúrò lẹ́sẹ̀ màmá lọ́jọ́ kejì. Ní ibi òkè iná, dọ́là 30 lọkọ̀ ń san, ó sì wà fún ọjọ́ méje. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, òkè ni ibẹ̀. Tí èéfín rẹ̀ bá ń gba Kona lọ, ẹni tó ní ikọ́ fée á mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Ìbejì
A ti dé o! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má bínú, iléèwé àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n ráyè.

Olómi, Ọlọ́run ló lò yín. Lọ́jọ́ tá a dé Hāpuna, wọ́n ti gbé àkọlé sílẹ̀ pé ìgbì léwu. Mo bi ẹ̀ṣọ́ omi ní ìbéèrè tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọ́ mi. Ó wo àwọn ìbejì, ó wo òkun, ó mi orí. A-Bay la yà sí. Màmá jókòó sábẹ́ àgbọn, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú yanrìn gbígbóná wọ́ọ́rọ́, wọ́n ní ó ń ṣe orúnkún àwọn lóore ju oògùn lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ní ká padà sí lọ́jọ́ karùn-ún.

Kahaluʻu, aago mẹ́jọ ààbọ̀ la débẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún. Kí ẹni tó bá ń lọ jí ṣáájú wa.

Punaluʻu, a dé bẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ìjàpá òkun mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ń sùn. Màmá dúró lókèèrè, wọ́n kí wọn pé ẹ kú ìsinmi. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni àpò ṣòkòtò ọmọdé. Yanrìn dúdú kún àpò Kẹ́hìndé dé ẹnu. Ó ní òun ò kó o, òun ló wọlé fúnra ẹ̀. Mo yí àpò yẹn síta lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi ìṣanra kí n tó gbà pé kó wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Pele àti ọ̀rọ̀ ìtanràn ń lọ nínú mi pa pọ̀.

Jíire
Ẹ kú àbọ̀ o. Bàbá ìbejì ńkọ́? Ibo lomi dé?

Ìyá Ìbejì
Orúnkún. Ní Kamakahonu ó dé ìbàdí, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan kọjá níwájú, omi mì díẹ̀, ó padà sí orúnkún.